Ìbú ọta kọ́ ló ń pa àgbọ̀nrín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé ìbọn .223 kéré jù láti fi pa àgbọ̀nrín, ẹ wá jókòó síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá wọn lóhùn pé ọta èyíkéyìí ló ń pa á, tẹ́ ẹ̀ ń gbé fídíò sókè bíi pé eré ni, ẹ̀yin náà ẹ má lọ. Ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ mi máa dùn jù. Ọ̀rọ̀ yìí gùn o. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Lọ́dọọdún, tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n ṣí ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas níbí, ìyẹn Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, ìjà kan náà ni. Ẹnì kan á bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, .223 ni mo ní, ṣé mo lè fi ṣọdẹ?" Kó tó mí, àádọ́ta èèyàn ti dé. Àwọn kan á ní ìkà ni. Àwọn kan á ní kò séwu. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé: ọta wo lo fẹ́ kì sínú ẹ̀? Ibo lára ẹran lo fẹ́ yìn ín sí? Báwo ló ṣe máa jìnnà sí ọ tó? Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìyókù, ariwo ọjà ni.

Ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ nípa ìbọn rárá. Oríṣi kátíríjì méjì ló wà fún ráífù. Ọ̀kan, etí ìdí rẹ̀ ni ìbọn ń gbá kí iná tó ràn mọ́ ẹ̀tù. Ìyẹn ni .22 kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé, tí wọ́n fi ń yìn agolo, tí wọ́n fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́. Ìkejì, àárín gbùngbùn ìdí rẹ̀ ni ìbọn ti ń gbá a. Ìkòkò ẹ̀tù tiẹ̀ tóbi, ó sì lágbára dáadáa. Inú ẹgbẹ́ ìkejì yìí ni .223 wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń gbé àṣìṣe wọlé rèé: ìbú ọta àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi mìlímítà 5.7. Ẹni tó bá fojú wò ó lásán á ní nǹkan kan náà ni. Irọ́ ni. Ọta .22 kékeré yẹn wọn grain 40, ó ń sáré bí ẹsẹ̀ bàtà 1,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta .223 tó wọ́pọ̀ jù wọn grain 55, ẹsẹ̀ bàtà 3,240 ló ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára ti àkọ́kọ́ lẹ́nu ìbọn jẹ́ nǹkan bí 130 ft-lb. Ti ìkejì lé díẹ̀ ní 1,280. Ìlọ́po mẹ́wàá, ó kù díẹ̀. Òfin Texas mọ ìyàtọ̀ yìí: wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi kátíríjì tí wọ́n ń gbá létí ìdí pa àgbọ̀nrín, àmọ́ wọ́n gba ti àárín ìdí, bó ti wù kó kéré. Mo fara mọ́ ọn.

(Kí àwọn àgbà tó bá mi jà: mo mọ̀ pé àgbọ̀nrín ilé wa àti èyí tó wà ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Ti ibí ń fi abẹ́ ìrù funfun han èèyàn tó bá ń sá lọ, ìwo akọ rẹ̀ sì ń já bọ́ lọ́dọọdún kó tó hu òmíràn. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín la ń pè é níbí, mi ò ní wá orúkọ tuntun.)

Ó dáa. Kí ló ń pa ẹran?

Àgbọ̀nrín kì í kú torí pé ìbọn dún gbàù. Ó ń kú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọpọlọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ọta gba inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá, lẹ́yìn apá iwájú, ibi tí kò ju ínǹṣì 8 sí 10 lọ ní fífẹ̀. Bí ọta tó dáa bá gba ibẹ̀, ẹran náà á sáré díẹ̀, ẹsẹ̀ á yẹ̀ ẹ́, ó parí. Bó bá jẹ́ ìfun lo yìn ín sí, kò báà jẹ́ ìbọn tí wọ́n fi ń pa erin lo gbé dání, á wọgbó lọ ni. Ó lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ìrora kó tó kú, àwọn igún á sì rí i kó o tó rí i. Ohun tí à ń jà lé lórí nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni ìbọn ẹ̀ tóbi jù.

Ẹ tún wò ó báyìí. Ọta .308 tí àwọn ẹ̀gbọ́n fi ń yangàn, ìbú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 7.8. Ti .223 jẹ́ 5.7. Mìlímítà méjì àti díẹ̀ ni gbogbo ìjà yìí dá lé! Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé mìlímítà méjì ló ń ya ọdẹ gidi sọ́tọ̀ kúrò lára ìkà?

Ìyàtọ̀ gidi wà o, mi ò sẹ́. Ọta .308 lè wọn grain 150, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti .223. Ọta tó wúwo báyẹn lè fọ́ egungun èjìká kó sì tún jáde lódìkejì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọta ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ìbú nìkan.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìbọn ńlá mọ̀. Lọ́dún 1946, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, John Nosler, lọ ṣọdẹ ní British Columbia ní Kánádà. Ìbọn .300 H&H Magnum ló gbé lọ. Ìbọn ńlá nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ìbọn ọmọdé. Ó yìn moose, ẹran ràgàjì tó tóbi ju ẹṣin lọ, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára. Ọta fọ́ sára awọ ẹran náà, kò wọlé dé ibi tó yẹ kó dé. Ó tún yìn ín, nǹkan kan náà. Nosler ò padà sílé lọ ra ìbọn tó tún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ó jókòó, ó ro ọta fúnra ẹ̀ wò. Ó ṣe ọta tí ògiri bàbà wà láàrin ẹ̀: iwájú á là, ẹ̀yìn á dúró gbọin-in á sì máa wọlé lọ. Lọ́dún 1948 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, Partition ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì ń tà á dòní.

Ṣé ẹ rí i? Ìbọn magnum kùnà torí ọta burúkú. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé .223 kùnà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìbú ìbọn lẹ kọ́kọ́ dá lẹ́bi?

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù àwọn àgbà ti wá, mi ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọta kékeré tó ń sáré gan-an, ẹran kéékèèké ni wọ́n ń ṣe é fún. Nígbà tí .220 Swift jáde lọ́dún 1935, ọta grain 48 ló gbé wá, ó ń sáré ju ẹsẹ̀ bàtà 4,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta bẹ́ẹ̀ ń fọ́ túútúú gbàrà tó bá kan ara. Ó dáa fún ẹran tó ń gbẹ́ ihò sínú oko àgbàdo. Bó o bá yìn ín sí èjìká àgbọ̀nrín, á ya ojú egbò ńlá sí awọ, kò ní dé ẹ̀dọ̀fóró. Irú ọta yẹn ṣì wà lórí igbá títí dòní, páálí rẹ̀ sì dùn ún wò. Ẹni tó bá rà á lọ pa àgbọ̀nrín, ìyà ló lọ fi jẹ ẹran.

Èyí tó tún burú ni ọta olórí líle tí bàbà bò pátápátá, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń lò. Kò wọ́n, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ní in nílé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, kò ní là. Ẹran á gbé e sá lọ.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. Ọta tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀ wà fún .223, tó ń là bí òdòdó tí kì í sì í já kúrò lára ara ẹ̀. Partition wà fún un ní grain 60. Àwọn kan wà tí wọ́n lẹ òjé mọ́ bàbà pinpin, grain 62. Irú ọta báwọ̀nyí ni mò ń sọ. Bí kò bá sí èyí nínú ìbọn rẹ, má sọ pé èmi ni mo ní kó o lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òfin, torí ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi jù.

Virginia ní kí ẹnikẹ́ni má fi ráífù tí kò tó .23 pa àgbọ̀nrín. Ìbú ni wọ́n wọ̀n. Ó túmọ̀ sí pé .223 tó ní agbára 1,280, tó gbé ọta tó dáa jù láyé, kò bófin mu. Ṣùgbọ́n .25-20, kátíríjì àtijọ́ tí agbára ẹ̀ lẹ́nu ìbọn ò ju nǹkan bí 400 lọ, ìbú ẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, àgbọ̀nrín wo ni òfin yẹn gbà là?

Colorado ṣe dáadáa díẹ̀. Wọ́n ní .24 ló kéré jù, àmọ́ wọ́n tún ní ọta gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń là, kó wọn grain 70 ó kéré tán fún àgbọ̀nrín, kó sì ní agbára 1,000 ft-lb ní yáàdì 100. Mi ò fara mọ́ .24 yẹn, àmọ́ ó kéré tán, ẹni tó kọ òfin yẹn ti gbọ́ pé ọta wà láyé.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù wà lókè òkun lọ́hùn-ún. Àgbọ̀nrín kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní roe, kì í sábà ju kílò 30 lọ. Ní England, òfin ọdún 1991 ní tó o bá fẹ́ pa roe, ìbọn rẹ gbọ́dọ̀ tó .240, agbára ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 1,700 ft-lb. Ní Skọ́tlándì, fún roe yìí kan náà, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ọta tó ń là, tó wọn grain 50, tó ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 2,450, tó ní agbára 1,000. .223 yege. Odò Tweed wà lára ààlà ìlú méjèèjì. Ìyẹn ni pé bí roe kan bá wẹ odò náà kọjá láàárọ̀ láti òdì kan sí òdì kejì, ara ẹ̀ á ti le sí i kó tó gbọn omi dànù. Àbí báwo?

Swídìn náà ò wo ìbú fún roe. Gíráàmù 3.2 ni ọta gbọ́dọ̀ wọ̀n, kó sì ní agbára júùlù 800 ní mítà 100. Ìwọ̀n àti agbára, níbi tí ẹran wà, kì í ṣe lẹ́nu ìbọn. Ẹni tó ronú ló kọ irú òfin bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ yín, ẹ ní àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà tóbi ju roe lọ. Òótọ́ ni. Akọ tó dàgbà lápá àríwá lè ju kílò 100 lọ, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbé .223 lọ bá irú ìyẹn níbi tó jìnnà. Àmọ́ lórí òkè àárín gbùngbùn Texas níbí, àgbọ̀nrín kéré. Ọ̀pọ̀ abo wọn ò wúwo tó èèyàn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi òṣùwọ̀n moose wọn ewúrẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ni ti ìtàpá ìbọn. Ìtàpá .30-06 tó ìlọ́po márùn-ún ti .223. Ọkùnrin ò ní sọ fún yín pé ìbọn ń dun òun. Á kàn di ojú, á já nǹkan ìyìnbọn lójijì, ọta á lọ síbi tó wù ú. Ìfun ni ọ̀pọ̀ ń bá.

Àbúrò mi obìnrin ní òun fẹ́ bá mi lọ sí oko ọdẹ. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣọdẹ ní kí ó má gba "ìbọn ìṣeré" lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé .30-06 tiwọn fún un. Wọn ò kọ́ ọ bó ṣe máa di ìdí ìbọn mọ́ èjìká. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, awò orí ìbọn sì là á níwájú orí, lókè ìpéǹpéjú. Ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń di ọdẹ nìyẹn. Mi ò lè bú wọn, àgbà ni wọ́n, àmọ́ inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Fún oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìbọnkíbọn tí àbúrò mi bá gbé, ojú ẹ̀ á ti pa dé kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìbọn .223 ni mo fi tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ó ń kó ọta márùn-ún jọ sínú ìwọ̀n ínǹṣì méjì ní yáàdì 100. Lọ́dún tó kọjá, ó pa abo kan ní yáàdì 80. Ẹran náà ò sáré jìnnà, a ń wò ó níbi tó ti ṣubú. Ẹ wá sọ fún mi pé òun ni ìkà, pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi magnum fọ́ ìfun ẹran ni ọdẹ.

Tóò. Ẹ̀yin fídíò, ó kàn yín.

Ẹ̀yin lẹ̀ ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ẹ ń yìn àgbọ̀nrín ní yáàdì 300 pẹ̀lú .223, ẹ ń pàtẹ́wọ́. Ní yáàdì 200 péré, agbára ọta grain 55 yẹn ti já sí nǹkan bí ìdajì. Ọta tó yẹ kó là, kò ní sáré tó láti là mọ́. Ẹ̀ ń fi èyí tó bọ́ sí i hàn wá, ẹ ò fi èyí tó sá lọ hàn.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ Bell sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà lẹ̀ ń sọ pé Walter Bell, ará Skọ́tlándì yẹn, fi ìbọn kékeré pa erin tó lé ní ẹgbẹ̀rún ní Áfíríkà. Ó pa wọ́n lóòótọ́, ìbọn 7mm ló fi pa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, torí eyín erin. (Mi ò yìn ín o. Eyín tó ń tà yẹn ò jẹ́ kí n lè yìn ín.) Àmọ́ ọkùnrin yẹn fi ayùn la agbárí erin sí méjì kó lè mọ ibi tí ọpọlọ wà gan-an. Ìwọ tó jẹ́ pé láti ọdún tó kọjá lo ti yìnbọn gbẹ̀yìn, o ní Bell.

Baba àwọn ọdẹ ilé wa tó ń gbé ṣakabùlà mọ nǹkan kan tí ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ̀tù lo rọ sẹ́nu ìbọn, o kì í, ìyìn kan ṣoṣo lo ní. Bí kò bá bá ẹran, kó o tó kì í tán ẹran ti dé abúlé kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ títí wọ́n á fi sún mọ́ ọn. Ohun tó yẹ kí ẹni tó gbé .223 ṣe gan-an nìyẹn. Fún mi, yáàdì 150 ni òpin, ẹran gbọ́dọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ sí mi pátápátá. Bó bá dojú kọ mí tàbí tó bá kọ ẹ̀yìn, mo ń wò ó kó máa lọ.

Àléébù kan sì wà tí mi ò ní fi pamọ́: ipa ẹ̀jẹ̀. Ihò kékeré ni .223 ń dá, nígbà mìíràn ọta kì í jáde lódìkejì. Ẹ̀jẹ̀ tó máa kán sílẹ̀ lè má tó nǹkan. Nínú koríko gíga, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó lè le láti tọ̀ ọ́. Torí náà mi ò kí ń yìn ín tó bá ti ku díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, tó bá sì jẹ́ inú igbó dídí ni, mo ń gbé .243 dípò ẹ̀.

Ẹ tún yẹ ọ̀pá ìbọn yín wò. Ìlà tó ń yí nínú rẹ̀ ló ń mú kí ọta máa pòòyì. Bó bá jẹ́ 1:12 ni wọ́n kọ sí i, bó ti wà lára ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́, ọta gígùn bíi ti grain 77 ò ní dúró nínú afẹ́fẹ́, á máa ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. 1:8 tàbí 1:7 ló gbà á. Mo ti rí ẹni tó ra páálí ọta olówó gọbọi, tí ọta ń wọ bébà ní ẹ̀gbẹ́, tó ń ní ìbọn òun ti bà jẹ́.

Àwọn tó ti wà nínú DM mi pé mò ń polówó AR-15: rárá. Ìbọn mi jẹ́ èyí tí mò ń fọwọ́ fà kátíríjì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjà ìyẹn yàtọ̀, mi ò sí níbẹ̀ lónìí.

Fún ẹni tó bèèrè láti Virginia: má gbé .223 lọ. Mo mọ ohun tí mo kọ sókè, àmọ́ òfin ni òfin. Ra .243, ìtàpá ẹ̀ ò pọ̀, kó o sì wá ọta tó jẹ́ ti àgbọ̀nrín, grain 90 sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò rẹ, bi í pé kí ni .25-20 ṣe tí .223 ò ṣe.